Ẹ̀rí Tó Wà Nínú Àgbá

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìgbọ́kọ̀dá ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mò ń ka ìwé lórí òǹkà Yorùbá nítorí ìdánwò tó ń dúró dè wá ní yunifásítì. Àbúrò mi obìnrin, tó wà ní SS3, ju ìwé ìbéèrè WAEC rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Wọ́n sọ prẹ́ṣọ̀ gáàsì fún mi kí àwọn kẹ́míkà tó pàdé, wọ́n sọ prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé tán, wọ́n wá ní kí n sọ iye gíráàmù ohun tó jáde. Ṣé orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé prẹ́ṣọ̀ lé ni?"

Kí n tó lanu, ó ti fèsì fún ara rẹ̀: "Àní kí ni mo tiẹ̀ ń bi yín sí? Yorùbá lẹ̀ ń kà."

Ẹ̀yin tí a jọ ń ka Yorùbá, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti máa ń ta ni. Láti ìgbà tí orúkọ mi ti jáde fún ẹ̀kọ́ Yorùbá dípò iṣẹ́ ìṣègùn tí gbogbo ilé ń retí, kò sí irú rẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò ráyè bínú lọ́jọ́ yẹn, torí pé ariwo tó ń bọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù ju ti àbúrò mi lọ. Bàbá Wẹ́dà ń lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìgbọ́kọ̀dá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ilẹ̀ ti ń fa ènìyàn lé ọ̀nà omi lọ́wọ́: ẹni tó bá ń lọ sí Ayétòrò tàbí Àwóyè, èbúté Ìgbọ́kọ̀dá ni yóò ti wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ kì í wọ́n fún wẹ́dà níbẹ̀. Òní, táńkì epo ń jò. Ọ̀la, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan ti lọ forí sọ kùkùté lábẹ́ omi. Iná ìjọba kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbójú lé ní apá ibi tiwa, nítorí náà gáàsì ni Bàbá Wẹ́dà fi ń jó irin tó bá fẹ́lẹ́ àti idẹ. Kò ra gáàsì náà. Kábáàdì ló fi ń ṣe é.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọdẹ yóò mọ kábáàdì. Òkúta ni, àwọ̀ eérú ló ní, òórùn rẹ̀ sì dà bí áyù tó ti bàjẹ́. Òun ni àwọn ọdẹ máa ń rọ sínú àtùpà tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Omi a máa kán sí i díẹ̀díẹ̀, gáàsì a jáde, iná a tàn. Onímọ̀ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Wöhler ti fi kábáàdì àti omi ṣe gáàsì yìí ní 1862. Àgbá irin ni Bàbá Wẹ́dà ń lò ní tirẹ̀: omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, abọ́ kékeré kan wà lókè tí wọ́n ń kó kábáàdì sí, ọwọ́ irin kan wà níta tí wọ́n ń fà kí abọ́ náà lè da ẹrù rẹ̀ sínú omi, géèjì kan sì wà lórí tó ń sọ bí gáàsì ṣe ń ti ara àgbá tó.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ kò le yé. Bàbá máa ń wọn kábáàdì fún ọmọṣẹ́ ní kílò kílò. Tẹ́lẹ̀, ó mọ iye táńkì tí kílò kan ń jó. Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, kílò náà ń tán kí iṣẹ́ tó parí. Òṣùwọ̀n kan náà, iṣẹ́ kan náà, àgbá kan náà. Kí ló tún kù? Bàbá ní ọmọ náà ń yọ nínú rẹ̀ kó tó kó o sínú àgbá, ó ń tà á fún àwọn tó ń fi kábáàdì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lọ́jà. (NAFDAC ti kìlọ̀ títí pé kí wọ́n má fi í mú èso pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọjà wa.) Ó gba àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé.

Oṣù méjì péré ló kù kí ọmọ náà gba fírídọ̀mù. Ọdún mẹ́ta ló ti fi kọ́ṣẹ́. Ẹ sì mọ ohun tí Yorùbá sọ nípa ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan: bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Kò ní í rí ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ láti Ìgbọ́kọ̀dá títí dé etíkun. Kò sunkún o. Ó kàn dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ń wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wá rìn lọ sí èbúté.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí àbúrò mi ka ìbéèrè rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbìyànjú ẹ̀, kò lè kà á. Ó mọ PV = nRT lórí bí orin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé kí ni n yẹn jẹ́, ó ní "móòlù ni." Kí ni móòlù? "Ó jẹ́... móòlù ṣá."

Ibi tí ìwé òǹkà tó wà lọ́wọ́ mi ti wúlò nìyẹn. Mo bi í bóyá ó mọ ọ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́ ni àpò tí àwọn bàbá wa ń kó owó ẹyọ sí, 20,000 owó ẹyọ ló sì ń wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Nígbà kan, owó ẹyọ kéékèèké nìkan ni wọ́n ń ná. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó tóbi wá láti apá Zanzibar. Ọ̀kẹ́ kan ti kékeré fúyẹ́, ọ̀kẹ́ kan ti ńlá lè bẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan ni. Iye ni, kì í ṣe ìwúwo.

Mo ní, "Móòlù ni ọ̀kẹ́ àwọn oníkẹ́mísírì. Tiwọn kàn pọ̀ ju tiwa lọ ni." Tiwọn jẹ́ 6.02 × 10²³, iye tí òǹkà wa gan-an yóò làágùn kó tó kà á tán.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀:

CaC₂ + 2H₂O → C₂H₂ + Ca(OH)₂

Ó wá kà á jáde fúnra rẹ̀, ní Yorùbá: ọ̀kẹ́ kábáàdì kan àti ọ̀kẹ́ omi méjì pàdé, wọ́n bí ọ̀kẹ́ gáàsì kan àti ọ̀kẹ́ ẹfun kan. (Ẹfun tí mo ń pè níbí ni ẹrẹ̀ funfun tí Bàbá máa ń dà nù láti ìsàlẹ̀ àgbá; kì í ṣe ẹfun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀.) Ọ̀kẹ́ kábáàdì wúwo tó gíráàmù 64. Ọ̀kẹ́ omi méjì jẹ́ 36. Ọ̀kẹ́ gáàsì jẹ́ 26, ti ẹfun jẹ́ 74. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 64 àti 36 jẹ́ 100, 26 àti 74 jẹ́ 100. Kò sí ohun tó sọnù. Mo rántí pé orí mi wú díẹ̀ nígbà tí àròpọ̀ náà bá ara mu, èmi tí mo sá fún kẹ́mísírì láti SS2.

Gáàsì wá ní ìwà kan tó dára. Láti 1811 ni Avogadro, ará Ítálì, ti sọ ọ́: bí àyè bá dọ́gba, tí ìgbóná dọ́gba, tí agbára ìtara-ẹni sì dọ́gba, iye kan náà ni gáàsì kan àti gáàsì mìíràn, ì báà fúyẹ́, ì báà wúwo. Ìdí nìyẹn tí géèjì fi lè kà ọ̀kẹ́ fún wa láìrí ohun tó ń kà. Bí ọ̀kẹ́ gáàsì kan bá sì jáde, a jẹ́ pé ọ̀kẹ́ ẹfun kan ti wà nísàlẹ̀ omi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kẹ́ kábáàdì kan ti kú.

Àbúrò mi gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbá Bàbá ní géèjì."

Bí a ó ṣe bá Bàbá sọ ọ́ ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ mi hàn, mo ní, "Bàbá, ìfúnpá gáàsì inú àgbá yín lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọmọ yẹn jí kábáàdì lóòótọ́."

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìfúnpá? Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá? Mi ò ní irú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi o. Aládùúrà ni mí."

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń túmọ̀ nínú kíláàsì já mi kulẹ̀ gbáà. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìfúnpá ti wà lápá àwọn jagunjagun kí oníkẹ́mísírì kankan tó mọ̀ ọ́n. Mo bi Bàbá pé báwo ni òun ṣe máa ń sọ ọ́ bí géèjì bá gòkè. Ó ní, "Gáàsì ń ti àgbá." Ó tán. A lo ọ̀rọ̀ rẹ̀. (Ìlàjẹ ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀ o, èmi ni mo yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò fún yín níhìn-ín.)

N kò rò pé ó gbà nítorí àlàyé wa. Ó gbà torí ó fẹ́ kí ojú tì wá kí a lè jẹ́ kí òun sinmi. Ó fi òfin méjì lélẹ̀: iná kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, géèjì kò sì gbọdọ̀ kọjá báà 1. Èyí kejì kì í ṣe àṣejù. Gáàsì yìí, bí wọ́n bá fún un mọ́ra jù, ó lè fọ́ fúnra rẹ̀ kó bú gbàmù, kódà kí ọ́síjìn má sí níbẹ̀. Bàbá ní àpá kan lẹ́yìn etí tí kò fẹ́ràn kí wọ́n bèèrè ìtàn rẹ̀.

A kọ́kọ́ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 wọn omi sínú àgbá tó ṣófo. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló kún un, a jẹ́ pé lítà 60 ni. A da omi náà nù, a fi lítà 10 sílẹ̀, àyè lítà 50 ló kù fún gáàsì. Òṣùwọ̀n ńlá Bàbá kò lè wọn ohun kékeré, nítorí náà a lọ yá ti àǹtí kan tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò. Ó ní bí òórùn kábáàdì bá wọ inú òṣùwọ̀n òun, àwa ni a ó ra kéèkì òun fún ọdún kan.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ ra agolo kábáàdì tuntun tí wọn kò tíì ṣí. Ojú rẹ̀ ni a wọn gíráàmù 150 jáde, a kó o sínú abọ́ òkè, a dé àgbá, géèjì wà lórí òdo, àbúrò mi fa ọwọ́ irin. Omi hó. Ara àgbá gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Géèjì gun òkè dé 0.9, Bàbá sì sún mọ́ fọ́nrán tí a fi ń tú gáàsì sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí a má tíì kọ nǹkan kan: gáàsì tó gbóná máa ń tì ju bó ṣe yẹ lọ. A bu omi odò sí ara àgbá títí tó fi tutù padà, a dúró ìdajì wákàtí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 0.8, ó dúró síbẹ̀.

A tú u sílẹ̀, a fọ àgbá, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, inú dírọ́ọ̀mù ńlá tí ọmọṣẹ́ ń bù nínú rẹ̀ ni a ti mú gíráàmù 150. Bàbá ló wọ̀n ọ́n. Géèjì gun òkè, ó tutù, ó dúró. 0.5.

Bàbá kò sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí àbúrò mi tẹnu mọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: kì í ṣe iye tí géèjì ń pè ló ṣe pàtàkì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni. Kí kábáàdì tó dé inú omi, nǹkan ti wà nínú àgbá tó ń tì í. Ìyẹn kò kàn wá. Ohun tí wọ́n fi kún un ni tiwa.

Ó ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn ìwé ìbéèrè WAEC. Ìdajì báà lọ́nà lítà 50 jẹ́ 25. R tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé, 0.083, lọ́nà ìgbóná ọjọ́ náà, tó jẹ́ 30 lójú wa ṣùgbọ́n tó jẹ́ 303 lójú PV = nRT, tún jẹ́ 25 lé díẹ̀ bíńtín. Pín 25 sí 25. Ọ̀kẹ́ gáàsì kan gééré ni dírọ́ọ̀mù wa mú jáde. Ọ̀kẹ́ kan gáàsì túmọ̀ sí ọ̀kẹ́ kan kábáàdì: gíráàmù 64 péré ni ojúlówó nínú gíráàmù 150 tí a wọ̀n. Ti agolo tuntun jẹ́ ọ̀kẹ́ 1.6, ìyẹn gíráàmù 102.

Iye ti tuntun yẹn ko àbúrò mi lójú. Kábáàdì tó dára yẹ kó sún mọ́ 120 nínú 150. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó rí ibi tí ìyókù sá sí: omi máa ń gbé gáàsì yìí mì, lítà omi kan lè gba nǹkan bí lítà gáàsì kan. Lítà 10 omi wa ti jẹ nínú rẹ̀ kí géèjì tó kà á. Ṣùgbọ́n ó jẹ nínú méjèèjì bákan náà, torí omi kan náà ni a lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúpẹ́ pé Bàbá ra agolo tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé dírọ́ọ̀mù nìkan ni a dán wò, a ò bá ti pariwo iye tí kò tọ́.

Nígbà tí Bàbá máa lanu, ohun tó sọ kò burú rárá. "Mo ti rí i pé ohun tó wà nínú dírọ́ọ̀mù kò dára. Ta ló sọ pé kì í ṣe òun ló bà á jẹ́? Kó máa yọ òkúta gidi, kó sì máa fi ẹrẹ̀ gbígbẹ dí i kí n má baà mọ̀."

N kò ní èsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Àbúrò mi bèèrè iye tí dírọ́ọ̀mù jẹ́ nígbà tí wọ́n rà á, àti iye tí wọ́n ti lò. Bàbá kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré. Kílò 50 ló rà. 20 ló ti wà nínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n lò. Ó yẹ kó ku 30. Ọmọbìnrin náà tún tẹ orí ba. Bí kílò 30 yẹn bá rí bíi ti agolo tuntun nígbà tí wọ́n rà á, kílò 20 lé díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ ojúlówó nínú rẹ̀. Lójú géèjì, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 13. Nǹkan bí kílò 7 ti kú.

"Bàbá, bó bá jẹ́ pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló pa á, gbogbo 64 tó kú ti di 74. Gáàsì ti fò lọ, ẹfun ló kù, omi inú afẹ́fẹ́ sì wà nínú ẹfun náà. Kílò 7 yóò ti di kílò 8. Dírọ́ọ̀mù yín kò ní í jẹ́ 30. Yóò lé 30 ní kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n, ó fi ìlà yí i ká. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun wo òṣùwọ̀n kí òun tó sọ̀rọ̀.

A yá òṣùwọ̀n agbékọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ní èbúté. A gbé dírọ́ọ̀mù kọ́, a yọ ìwúwo dírọ́ọ̀mù òfìfo irú rẹ̀ kúrò, a dá ohun tí a ti bù fún ìdánwò padà sínú ìṣirò. Abẹ́rẹ́ dúró láàárín 31 àti 31 ààbọ̀.

Bàbá tún un wò. Ó ní kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí a tún gbé e kọ́. Ibì kan náà ló dúró sí.

Olè wo ló ń jalè tí ẹrù ń pọ̀ sí i? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo rí i lójú Bàbá. Ó mú òkúta kan nínú dírọ́ọ̀mù, ó fi òòlù fọ́ ọ. Èèpo rẹ̀ funfun, ó ń rọ́ dànù bí ìyẹ̀fun. Àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ eérú. Ó fọ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹrẹ̀ gbígbẹ tí ènìyàn bù sí i kò lè wọ òkúta láṣọ báyẹn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ mu èéfín kábáàdì kò nílò àlàyé wa mọ́. Ó tiẹ̀ ní òun ti ń ṣàkíyèsí pé ẹrẹ̀ tí òun ń dà nù kò dín kù ní gbogbo oṣù méjì yìí, pé òun kàn kò fi ọkàn sí i ni. Bí ọmọ náà bá ń yọ nínú kílò, ẹrẹ̀ ìbá ti dín kù pẹ̀lú gáàsì.

Ó wá bèèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí a gbé ìdérí kúrò. "Ta ló ṣí dírọ́ọ̀mù yìí tí kò dé e dáadáa?"

Òrùka irin kan ló máa ń di ìdérí náà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Òrùka náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn dírọ́ọ̀mù, ìpẹtà ti bò ó. Mo mọ bó ṣe débẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yin bángà: a ó lu ihò sídìí agolo mílíìkì, a ó ju kábáàdì sí i, a ó tutọ́ lé e, a ó dé e, a ó sì fi iná sí ihò náà. Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí, ẹ má purọ́. Èmi ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo gbọ́ ohùn Bàbá lójú ọ̀nà, mo gbé ìdérí lé e, mo sá. N kò dá òrùka padà. Láti Kérésìmesì títí di Oṣù Kẹrin, lẹ́bàá omi, níbi tí iyọ̀ inú àpò gan-an ti ń ṣomi.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn náà ti ṣí i láàárín ìgbà yẹn. Ìdérí gan-an ti ń ní ihò ìpẹtà létí. Mo fi gbogbo ìyẹn tu ara mi nínú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Mo wá ní, "Èmi ni, sà."

Àbúrò mi yíjú sí mi. Bàbá kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dùn mọ́ mi. Ó kàn sọ pé, "Ọjọ́ tí mo lé ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ wà lẹ́yìn ilé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "O sì gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ yẹn n kò tíì so ẹ̀kúnwọ́ kábáàdì mi pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún yín pé n kò rántí rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo gbé àpótí irinṣẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun. Àpótí náà wúwo, ọkọ̀ kún, awakọ̀ gba owó ẹrù lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ènìyàn ni. Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń yan ẹja, kò dáhùn ìkíni mi. Ọmọ náà jáde, mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde torí ìgbà kan náà ni wọ́n bí wa. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀: bángà, òrùka, géèjì, kílò kan tó lé. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa sí ti géèjì, ó tiẹ̀ bi mí bóyá a dúró kí àgbá tutù. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí pákó, ó ń kà wọ́n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ó pé. Sọ fún Bàbá pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ènìyàn ló ti pè mí ní olè. Ibẹ̀ náà ni kó ti pè mí padà."

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rí. Bàbá jẹun tán, ó fọwọ́, kò fèsì. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà ṣe ìpàdé, ó ní kí àbúrò mi fún òun ní ìwé ìbéèrè WAEC rẹ̀. Ó ya ojú ewé ẹ̀yìn tí ìṣirò wà lórí rẹ̀, ó fi í sí àpò àyà, ó lọ. Wọ́n ní ó na ìwé náà sókè níwájú ẹgbẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ fún wọn. Mo fẹ́ràn kí n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè wá padà sí iléèwé.

Ní Oṣù Keje ni àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọmọṣẹ́ náà wà láàárín, ìwé fírídọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín. Dírọ́ọ̀mù tuntun kan wà lẹ́yìn wọn. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà láti wo ìdérí rẹ̀. Òrùka wà lórí rẹ̀, wọ́n sì tún fi páádì tì í.